Fíìmù Èènì: Níbo Ni Erékùṣù Àwọn Sọ́ńbì Ọdún 1941 Ti Wá?

Lálẹ́ Sátidé kan, àbúrò màmá mi ju fídíò ìṣẹ́jú méjì sórí WhatsApp ẹbí wa. Fíìmù àtijọ́ ni, kò ní àwọ̀ kankan, ohùn rẹ̀ sì ń hó ṣàà bíi rédíò tí kò mú ìkànnì dáadáa. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dúró nínú ilé ìdáná, ojú rẹ̀ là rangandan, àwọn ọkùnrin gàgàrà kan sì ń wọlé bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò ṣẹ́jú. Ohun tí àǹtí mi kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ wá wo ohun tí òyìnbó fi wá ṣe o."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti di iyàn. Bọ̀ọ̀dá kan ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti yà á, pé òun dá igi àgbọn ibẹ̀ mọ̀. Ẹlòmíì ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa ni wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́. Àbúrò wa kan tó wà ní yunifásítì sọ pé òun kà á níbì kan pé wọ́n yan fíìmù náà fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar, gbogbo ilé sì fi í rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń fi dátà wo fíìmù tí gbogbo àwọn tó ṣe é ti kú tán ni wọ́n wá dojú ọ̀rọ̀ kọ. Mo dáhùn díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ tán lórí fóònù.

Kí n ti ibi kan mú un ná: fíìmù olówó pọ́ọ́kú ni. Mi ò fi bú u. Bí ẹ bá ti mọ iye owó tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, àti bí owó náà ṣe ń wọlé fún wọn, ìdajì ohun tó ń ya yín lẹ́nu nínú rẹ̀ ti yé yín nìyẹn.

Fíìmù wo gan-an ni, kí ló sì ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?

Orúkọ rẹ̀ ni King of the Zombies, ìyẹn Ọba Àwọn Sọ́ńbì. Ilé-iṣẹ́ Monogram ní Hollywood ló ṣe é, Jean Yarbrough ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1941. Ìṣẹ́jú 67 péré ni. Ẹni tó bá ti ń se ẹ̀wà lórí iná lè wò ó tán kí ẹ̀wà náà tó rọ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ń fò lórí òkun Kàríbéánì, ìjì gbé e kúrò lójú ọ̀nà, epo sì ń tán lọ. Wọ́n gbọ́ ohùn rédíò kan tó ń dún lọ́ọ́lọ́ọ́, wọ́n tẹ̀ lé e, ọkọ̀ sì já sí erékùṣù kan tí wọn ò mọ̀ rí. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀, ọkùnrin funfun kan tó wọ̀ ọ́, àti Jeff, ọmọ ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Òun ni ọkùnrin inú fídíò àǹtí mi. Wọ́n rí ilé ńlá kan, dókítà kan tó ń jẹ́ Sangre ló ni ín. Dókítà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí wọ́n gba orí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Wọ́n fún àwọn òyìnbó méjì ní yàrá. Wọ́n ní kí Jeff lọ bá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, torí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn òkú tó ń rìn. Nígbà tó bá sáré gòkè lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wá wò, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ìtàn ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi hàn gbangba pé amí ni dókítà. Ó ti mú ọ̀gá àgbà kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú tirẹ̀ náà já síbẹ̀, ó sì ń fi ètùtù àti ìlù nínú yàrá abẹ́ ilé gba àṣírí ogun kúrò lórí rẹ̀. Níkẹyìn, àwọn sọ́ńbì yíjú padà sí ọ̀gá wọn.

Fíìmù náà kò dárúkọ ìlú tí dókítà ń ṣe amí fún. Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun nígbà tó jáde. Oṣù kejìlá ọdún náà ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Àmọ́ Henry Victor tó ṣe dókítà náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Jámánì, kò sì sí ẹni tó jókòó sí ilé sinimá tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Kí ni sọ́ńbì? Ṣé àkúdàáyà ni?

Rárá, wọn ò tilẹ̀ jọra. Àkúdàáyà tiwa ni ẹni tó kú, tí wọ́n sin, tí oníṣòwò kan wá lọ rí ní ọjà ìlú òkèèrè níbi tó ti ń ta aṣọ, tó ti gbéyàwó, tó ti bímọ. Ọjọ́ tí ará ilé bá yọ sí i lójijì ló máa pòórá. Àkúdàáyà ní làákàyè. Ó ń dúnàá-dúrà, ó ń purọ́ orúkọ, ó mọ ẹni tó yẹ kó sá fún. Ayé rẹ̀ ló ń jẹ lọ.

Sọ́ńbì kò ní ayé kankan tó ń jẹ. Háítì ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ ni pé ẹnì kan tó mọ oògùn burúkú, tí wọ́n ń pè ní bòkò, lè gba ẹ̀mí èèyàn kúrò lára rẹ̀, kó hú u jáde nínú sàárè, kó sì máa fi ara tó ṣẹ́ kù ṣiṣẹ́ oko. Ara ló ń rìn, olówó rẹ̀ ló ń ronú fún un. Ẹ rántí irú ilẹ̀ tí Háítì jẹ́. Oko ìrèké àwọn Faransé ni, wọ́n kó ẹrú wá síbẹ̀ láti Áfíríkà, wọ́n ń lò wọ́n pa, títí àwọn ẹrú fi jà tí wọ́n sì gba òmìnira ní ọdún 1804. Fún ẹrú inú oko ìrèké, ikú nìkan ni ìsinmi. Ẹni tí wọ́n wá sọ di sọ́ńbì, wọ́n ti gba ìsinmi yẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń ba ará Háítì: kì í ṣe pé sọ́ńbì máa mú un, bí kò ṣe pé kí òun náà má lọ di ọ̀kan.

Ẹni tó bá mọ àwo tí Fẹlá fi orúkọ yìí pè ní ọdún 1976 ti mọ ìtumọ̀ yìí láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣọ́jà tó ń lọ torí wọ́n ní kó lọ ni Fẹlá ń bú. Ìtumọ̀ ti Háítì gan-an ló lò. Irú sọ́ńbì tó ń lé èèyàn kiri tó fẹ́ gé e jẹ, fíìmù George Romero ti ọdún 1968 ló sọ ìyẹn di àṣà.

Báwo ló ṣe wá dé Hollywood? Àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà wọ Háítì lọ́dún 1915, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1934. Láàárín ìgbà yẹn, ní 1929, ará Amẹ́ríkà kan kọ ìwé ìrìn-àjò nípa Háítì, ó sọ̀rọ̀ sọ́ńbì nínú rẹ̀, ìwé náà sì tà wàrà-wàrà. Nígbà tó fi máa di 1932, fíìmù sọ́ńbì àkọ́kọ́ ti jáde. Nínú ìyẹn, ẹ máa rí ilé ìfúnrèké kan tí àwọn òkú ń yí ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú sínú ẹ̀rọ, àwọn yòókù ò sì dúró, wọ́n ń yí i lọ. Wọ́n ṣì rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nígbà yẹn. Ní 1941, wọ́n ti gbàgbé oko ìrèké, ó wá ku àwọn ọkùnrin gàgàrà tó ń la ilé kọjá. Olówó pọ́ọ́kú sì nífẹ̀ẹ́ wọn gan-an: sọ́ńbì kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kò sì nílò kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ fún un, kò nílò ìgbaradì, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì tó o.

Kí ló dé tí fíìmù náà fi rí bí iṣẹ́ ìkánjú?

Torí pé èènì ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn ilé sinimá ò rí èrò mọ́. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan: tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, fíìmù méjì. Èyí ńlá máa wà níbẹ̀, tí òṣèré gbajúmọ̀ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kékeré kan tí kò gùn. Ẹ mọ bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń wọn gààrì, tó bá wọ̀n ọ́n tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò sẹ́ni tó torí ẹ̀kúnwọ́ yẹn lọ sọ́jà. Àmọ́ bí kò bá fi èènì sí i, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lẹ máa lọ lọ́la. Fíìmù ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni àwọn ará Hollywood ń pè ní B.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni bí wọ́n ṣe ń san owó wọn. Lórí fíìmù ńlá, ilé sinimá àti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jọ ń pín owó ẹnu ọ̀nà. Bí èrò bá ṣe pọ̀ sí ni owó ṣe ń pọ̀ sí. Ní ti èènì, iye kan pàtó ni ilé sinimá fi ń yá a, ó tán. Bí ilé kún o, bí ilé ṣófo o, iye yẹn náà ni. Ẹ fi wé lébìrà tó ń ṣe àgbàṣe lóko. Ẹni tí wọ́n ń sanwó ọjọ́ fún lè rọra máa roko. Ẹni tó gba àgbàṣe fẹ́ parí kí oòrùn tó kan àtàrí, torí owó rẹ̀ ò ní lé kọ́bọ̀ kan bí ebè rẹ̀ bá tiẹ̀ lẹ́wà ju ti gbogbo abúlé lọ. Monogram mọ iye tí fíìmù rẹ̀ máa pa kí wọ́n tó tan iná sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí èrè lè gbà wọlé ni kí ìnáwó kéré. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti jẹ gbèsè. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni wọ́n sábà fi ń yà á tán.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Monogram pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Gower ní Hollywood. Àwọn èèyàn sọ àdúgbò náà ní Poverty Row, bí ìgbà téèyàn bá ní Ìlà Àwọn Òtòṣì. Ẹni tó bá gbọ́njú mọ fíìmù àgbéléwò wa láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì kò ní í bú wọn jù. Gbogbo wa la rántí pálọ̀ kan tó máa ń jẹ́ ilé olówó nínú fíìmù yìí, tó tún jẹ́ ilé ọba nínú òmíràn, tí àga rẹ̀ ò sì yí padà.

Níbo ni erékùṣù náà wà?

Ìlú Los Angeles ni. Bọ̀ọ̀dá Àgbádárìgì, ẹ má bínú.

Bí ẹ bá tún un wò, ẹ máa rí i pé a kò fi bẹ́ẹ̀ rí erékùṣù. Ọkọ̀ tó ń fò nínú ìjì, ohun ìṣeré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, pálọ̀, àtẹ̀gùn, ilé ìdáná, yàrá abẹ́ ilé, àti igbó díẹ̀ níta. Òru ló sì máa ń jẹ́. Òkùnkùn jẹ́ ọ̀rẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ibi tí iná kò bá dé, kò sí ìdí láti gbin igi síbẹ̀, kò sí ìdí láti kun ògiri. Ewé ńlá mélòó kan níwájú kámẹ́rà, òkùnkùn lẹ́yìn wọn, ìró kòkòrò tí wọ́n fi sí i, ojú yín fúnra rẹ̀ máa parí èyí tó kù.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ erékùṣù? Bí ìtàn bá ṣẹlẹ̀ ní ìgboro, ẹ nílò ọkọ̀ lójú títì, èrò, ọlọ́pàá, tẹlifóònù tí ẹni tí wàhálà bá dé bá lè fi pe ilé. Gbogbo ìyẹn, owó ni. Lórí erékùṣù tí ìjì gbé èèyàn dé, kò sí ọlọ́pàá, kò sí aládùúgbò, ẹnikẹ́ni ò sì lè lọ sílé kí ìtàn tó parí. Èèyàn mẹ́wàá péré lè kún un. Mo lérò pé ẹni tó kọ́kọ́ ronú erékùṣù fún irú fíìmù yìí, ìwé ìṣirò owó ló wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe máàpù.

Ẹ má sì rò pé àwọn òtòṣì nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Igbó tí ẹ rí nínú King Kong ọdún 1933, igbó náà ni ilé-iṣẹ́ RKO lò fún fíìmù erékùṣù mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 1932. Igi ńlá tó wó lulẹ̀ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ wà nínú méjèèjì, Fay Wray tó ń ké nínú ọ̀kan náà ló ń sá nínú èkejì. Ògiri gàgàrà tí wọ́n fi dí ọ̀nà King Kong, wọ́n dáná sun ún ní oṣù kejìlá ọdún 1938, nígbà tí wọ́n nílò ìlú Atlanta tó ń jó fún fíìmù mìíràn pátápátá. Àwọn tó ń ṣe Tarzan mú erin Éṣíà, wọ́n sì fi ayédèrú etí ńlá kọ́ ọ létí kó lè jọ erin Áfíríkà. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Erin ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń rìn lọ tòun ti etí àyálò rẹ̀.

Ṣé ẹ̀sìn wa ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá abẹ́ ilé yẹn?

Ibí ni ẹni tó ní wọ́n ń ba ẹ̀sìn wa lórúkọ jẹ́ ti jàre díẹ̀, tó sì jẹ̀bi díẹ̀.

Ẹ̀sìn kan wà ní Háítì tó ń jẹ́ Vodou. Ọ̀rọ̀ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Fọn, ìyẹn ilẹ̀ Dàhómì àtijọ́ tó wà ní Benin lónìí. Ohun tí àwọn ń pè ní vodun ni àwa ń pè ní òrìṣà. Tiwa náà wà níbẹ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n pín àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń bọ sí, ọ̀kan nínú ẹ̀yà náà sì ń jẹ́ Nago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní apá Benin. Ògún ni olórí rẹ̀, Ogou ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣì di idà mú. Ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun ni Legba, olùṣọ́ oríta. Ẹni tó bá mọ Èṣù Ẹlẹ́gbára kò nílò kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú fíìmù náà. Ohun tó wà nínú yàrá abẹ́ ilé yẹn ni ìlù, èéfín, ìyá arúgbó kan tó ń pe ọfọ̀, àti dókítà òyìnbó tó fẹ́ fi jí àṣírí ogun. Àwọn tó kọ ọ́ kò lọ sí ojúbọ kankan lọ béèrè. Pẹ̀lú ìyẹn, sísọ èèyàn di sọ́ńbì kì í ṣe ìsìn ní Háítì rárá. Ìwà ọ̀daràn ni, ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan àwọn olóògùn ìkà ni. Ó dà bí ìgbà tí àjèjì bá ṣe fíìmù nípa àwọn tó ń fi èèyàn ṣe ògùn owó, tó wá kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé Ifá nìyí. Ká má sì tan ara wa: mélòó nínú fíìmù àgbéléwò tiwa ni babaláwo inú rẹ̀ kì í ṣe olóògùn owó, tó so gbogbo nǹkan pupa mọ́ra, tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sóhun tó pa á lẹ́rìn-ín? Òyìnbó 1941 kọ́ ni wọ́n kọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Oscar ńkọ́?

Òótọ́ ni. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Wọ́n yan Edward Kay, ẹni tó ṣe orin inú fíìmù náà, fún ẹ̀bùn orin inú fíìmù, ní ẹ̀ka àwọn fíìmù tí kì í ṣe eré olórin. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn: ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹran níbi ìsìnkú bàbá àgbà, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ìpín, títí kan ojúlé tí kò dá kọ́bọ̀. Ogún fíìmù ló wà lórí ìwé lọ́dún yẹn. Citizen Kane wà lára wọn. Bernard Herrmann tó ṣe orin Citizen Kane ló gba ẹ̀bùn náà, fún fíìmù tirẹ̀ mìíràn. Èyí ni pé ìwé kan náà ló gbé fíìmù tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ọba fíìmù àti fíìmù èènì tí àwọn òkú ti ń la ilé ìdáná kọjá. Ó wù mí kí n rí ojú Herrmann nígbà tó kà á.

Ta ni ọkùnrin inú ilé ìdáná yẹn?

Mantan Moreland ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Monroe ní Louisiana ni wọ́n bí i sí ní 1902, orí ìtàgé ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó dé Hollywood. Òun àti Ben Carter ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe: ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, èkejì á já a gbà kó tó parí, á dáhùn, ẹni àkọ́kọ́ á tún já ìyẹn gbà, títí wọn á fi sọ ìtàn odidi láìparí ọ̀rọ̀ kan. Bí ọ̀rẹ́ méjì tó jọ dàgbà ní agboolé kan ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nínú fíìmù yìí, èébú ni, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn, ipò tó wà fún ọkùnrin dúdú nínú fíìmù Hollywood kò ju kó gbé àpótí, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sì yọ ojú bọ̀ǹbọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kí òyìnbó lè rẹ́rìn-ín. Jeff ṣe gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi rí ìyẹn, ó sì bí i nínú. Kò ṣi bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì. Àwọn òṣèré funfun méjì tí orúkọ wọn ṣáájú tirẹ̀, Dick Purcell àti Joan Woodbury, ń sọ ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tó ń ka ìwé ìkéde ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí Moreland bá wọlé, fíìmù máa jí. Ibì kan wà tí dókítà ti fi ojú mú un tó sì gbà pé òun náà ti di sọ́ńbì. Ó lọ tò sẹ́yìn àwọn yòókù, ó ní kí wọ́n sún, pé òun ti di ará ilé. Samantha, ọmọbìnrin ilé ìdáná, sọ fún un pé kì í ṣe sọ́ńbì, torí sọ́ńbì kì í sọ̀rọ̀, ẹnu tirẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó jiyàn. Ó ń fi ẹnu jiyàn pé òkú tí kì í sọ̀rọ̀ ni òun. Kò sí ẹlòmíì nínú fíìmù náà tó lè ṣe ibi yẹn. Ẹ sì tún ro ìtàn náà wò: Jeff tó ń gbọ̀n nìkan ló mọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí ẹ̀rù kò bà, àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n.

Òun nìkan kọ́ ló yẹ ká mọ̀. Ọkùnrin tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àgbà tó ń jẹ́ Momba ni Leigh Whipper, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Actors' Equity gbà wọlé. Ìyá arúgbó tó ń pe ọfọ̀ ni Madame Sul-Te-Wan, ọ̀kan lára àwọn obìnrin dúdú tí Hollywood kọ́kọ́ bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà yẹn, ẹrú tí wọ́n tú sílẹ̀ sì ni àwọn òbí rẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fún ní odidi fíìmù ni wọ́n kó sínú ilé ìdáná yẹn.

Ní 1942, Walter White, olórí ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ bá àwọn ọ̀gá Hollywood pé kí wọ́n jáwọ́ nínú irú ipò ẹlẹ́yà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó yá ni pé ipò ọmọ ọ̀dọ̀ ń dín kù, ipò gidi tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò sì yá, àwọn bíi Moreland wá bọ́ sáàárín. Ní 1957, wọ́n ṣe eré kan tí òǹkọ̀wé Samuel Beckett kọ ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré orí ìtàgé ní New York, èyí tí àwọn méjì ti ń dúró de ẹni tí kò ní wá. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo òṣèré rẹ̀, Moreland sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Eré tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi orí gbá ògiri lé lórí, gbólóhùn ìjákúlẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ti ń fi àjágbà ọ̀rọ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun. Ó kú ní 1973.

Kí ló dé tó fi wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ń hó bẹ́ẹ̀?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, ẹni tó ní fíìmù ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún ọdún 28. Bí ó bá fẹ́ kó tẹ̀ síwájú, ó gbọ́dọ̀ lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe nígbà tí ọdún náà bá ń pé. Ẹ ṣírò rẹ̀: 1941 sí 1969. Ta ló máa rántí lọ tún ìwé èènì ṣe lẹ́yìn ọdún 28, nígbà tí Monogram pàápàá ti yí orúkọ padà? Ìwé kò di títún ṣe, fíìmù di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́, kó tà á, kó fi àwọ̀ sí i, kó gé ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àǹtí yín.

Àìní ẹni tó ni ín yìí náà ló fa híhó rẹ̀. Ohun tí kò ní ẹni tó ni ín kò ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n da ẹ̀dà ńlá kọ sórí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n da ìyẹn kọ sórí fídíò kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n da kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ti rí ìwé ìbéèrè ìdánwò tó jẹ́ fọ́tòkọ́pì ti fọ́tòkọ́pì rí, tí "a" àti "o" ti di ọ̀kan náà. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá ẹ̀dà tó mọ́, ó wà níbẹ̀, ẹ máa rí ojú Moreland dáadáa.

Mo kọ díẹ̀ nínú èyí ránṣẹ́ sí ilé. Fún ọjọ́ méjì, àǹtí mi ò fèsì. Ọjọ́ kẹta ló kọ̀wé pé òun ti wò ó tán, pé dókítà yẹn ò níláárí, àti pé ṣé apá kejì wà?

Ó wà. Ọdún 1943, Revenge of the Zombies. Wọ́n ti kúrò lórí erékùṣù, irà Louisiana ni wọ́n wà báyìí; Amẹ́ríkà ti wọ ogun, wọn ò sì fi ti Jámánì bò mọ́. Jeff ti padà wá, ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀.